Ilé Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Ìlódè

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, Àǹtí Àyọ̀kẹ́, olùkọ́ kíláàsì kìíní, pe orúkọ Fàrídà Ògúndèjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú rẹ́jísítà, kò sì gbọ́ ìdáhùn. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò wá. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, nínú yunifọ́ọ̀mù tuntun tí ìyá rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán. Nígbà tí olùkọ́ pè é lẹ́ẹ̀kíní, ó fi àtàǹpàkò kan àyà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ṣe bákan náà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí olùkọ́ wá fi igbe pè é lẹ́ẹ̀kẹta, Fàrídà gbé ìka sí ètè, ó mi orí sí olùkọ́ rẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń bá ọmọ kékeré wí.

"Àǹtí!" Roqeeb tó jókòó tì í ti fò dìde. "Ó ní kí ẹ dákẹ́ ariwo!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kan ṣubú sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Fàrídà wò wọ́n yíká, ojú rẹ̀ kún fún ìbẹ̀rù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ nínú omi ọṣẹ. Bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n túbọ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnu Roqeeb ni Àmínátù, ìyá Fàrídà, ti gbọ́ ìròyìn náà ní aago kan ọ̀sán, nígbà tó wá mú ọmọ rẹ̀. Roqeeb kò fi ẹnu nìkan sọ ọ́. Ó ṣe Fàrídà, ó ṣe Àǹtí Àyọ̀kẹ́, ó sì ṣe gbogbo ọmọ tó ṣubú, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmínátù rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín nínú ilé rẹ̀: ó ki etí ìborùn bọ ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń dà lójú rẹ̀, ohùn kankan kò sì jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé orí títì. Ibẹ̀ ló ti rántí pé Roqeeb sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọn níparí: ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ rí i lọ́la. Ẹ̀rín náà há a lọ́fun bí egungun ẹja.

Ẹni tí yóò bá lóye ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó mú ilé wọn dákẹ́.

Abdulwahab, ọkọ Àmínátù, ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan ní ọ̀nà Mayfair. Òru ni wọ́n ń po ìyẹ̀fun, òru ni wọ́n ń yan án, kí búrẹ́dì lè gbóná dé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀. Aago méje òwúrọ̀ ló ń wọlé, irun orí rẹ̀ á funfun bí ti arúgbó, á jẹun, á sì sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n bí Fàrídà ní oṣù kejì ọdún 1991, lẹ́yìn ọdún méje tí wọ́n ti ń wá ọmọ, inú rírun kò jẹ́ kí ọmọ náà sinmi. Ó ń sunkún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Baba kò rí oorun sùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní òru karùn-ún, tí í ṣe ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, ó sùn lọ ní ìdúró, apá ọ̀tún rẹ̀ sì bọ́ sí ẹnu ààrò. Ó jóná láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ó lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ilé ìwòsàn, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá nílé láìríṣẹ́ ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá náà, gàrí ni wọ́n ń mu láàárọ̀, gàrí ni wọ́n ń mu lálẹ́, ṣúgà kò sì kàn án rí. Àmínátù kò gbàgbé ọjọ́ kan nínú wọn.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ padà sí ẹnu iṣẹ́, ó búra pé ohunkóhun kò ní jí ọkùnrin náà mọ́. Ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ẹ̀rọ aláfọwọ́yí tó ń pariwo bí ọlọ, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé e, ó sì tì í sẹ́yìn ìkòkò omi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn bó ẹ̀gúsí, nítorí pé ẹ̀gúsí kì í pariwo. Ó fi àkísà sí abẹ́ ìdérí ìkòkò. Ó ń fi epo pupa ra ìdè ilẹ̀kùn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Àkùkọ kan wà nílé tó máa ń kọ nígbàkúgbà tó bá wù ú. Wọ́n jẹ ẹ́.

Ẹni tó sì sọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà di àríyá ni Ìyá Àgbà Ràbíátù, ìyá Abdulwahab. Obìnrin náà ti láriwo rí. Nígbà èwe rẹ̀, bí ó bá pe èèyàn ní Ìlódè, àwọn ará àdúgbò Ilare lọ́hùn-ún á dáhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ló jóná yìí, òun náà sì gbà láti pa ẹnu mọ́, bí wọ́n bá ti lè jẹ́ kí ọwọ́ òun máa rojọ́. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá àmì sílẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá fọwọ́ pa àgbọ̀n, baba ni. Bí ó bá fẹ́ atẹ́gùn sí orí ìka, oúnjẹ ti jinná. Bí ó bá fa etí, àlejò ń bọ̀. Bí ó bá fa etí méjèèjì, àlejò tí ń jẹun púpọ̀ ni. Ó ní àmì fún òjò, ó ní fún irọ́, ó ní fún ìyàwó kan ládùúgbò tí kò mọ ọbẹ̀ í sè. Àmì ìyàwó yìí burú tó bẹ́ẹ̀ tí Àmínátù fi máa ń sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ rẹ́rìn-ín nínú ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó fún Fàrídà náà ní orúkọ ọwọ́. Àtàǹpàkò lórí àyà lẹ́ẹ̀mejì, kí àtẹ́lẹwọ́ wá là. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn fún ọdún méje ti ṣí. Nínú ilé náà, ohun tí wọ́n ń pe ọmọ náà nìyẹn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Fàrídà mọ̀ pé òun ń jẹ́ Fàrídà. Ó sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ, kò sí ohun tí kò lè sọ, ṣùgbọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, létí ẹni tó bá ń bá sọ̀rọ̀. Lóru tí baba kò sí nílé, ẹnu gbogbo wọn ti kú tán. Ahọ́n tó ti dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ kì í dìde lálẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí Àǹtí Àyọ̀kẹ́ pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ náà ti dáhùn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àmínátù dúró níwájú Ìyáàfin Tinúadé, ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin kan tó ga, tó wọ gíláàsì méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí.

"Ìyá Fàrídà, ṣé ọmọ yín ń gbọ́rọ̀?"

"Ó ń gbọ́, mà."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ó ń gbọ́, mà."

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ẹ gbóhùn sókè, ẹ jọ̀ọ́."

Àmínátù gbìyànjú. Ohùn rẹ̀ jáde bí ti ẹni tó mu omi tó sì gbà á sí ọ̀nà ọ̀fun. Ìyáàfin Tinúadé yọ gíláàsì ojú, ó fi ti orí rọ́pò rẹ̀, ó sì wò ó dáadáa.

"Ẹ wò ó, n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n a ò ní olùkọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ tàbí tí kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì yẹn, àwọn míràn sì wà níta tí wọ́n ń wá àyè. Ẹ lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Bí ó bá di Jímọ̀, tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ tó dáhùn kí gbogbo kíláàsì gbọ́, tiwa ni. Bí kò bá dáhùn, ẹ mú un lọ sílé títí di ọdún tó ń bọ̀."

Ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún Àmínátù pẹ̀lú nìyẹn ní ọdún 1968, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gba orí kan etí òdìkejì. Wọ́n ní kí ó padà wá ní ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún náà dé, wọ́n ti bí àbúrò rẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa pọ̀n ọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ti ń lọ lórí rẹ̀ kó tó jókòó sí kíláàsì àgbà ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n kọ́ ọ ní bí a ṣe ń kọ orúkọ. Ó mọ iye ọdún tó wà nínú ọdún tó ń bọ̀.

Ó dé ilé, ó fi ọwọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Àgbà, nítorí baba ń sùn. Ìyá Àgbà bi í bóyá kí wọ́n sọ fún Abdulwahab. Àmínátù ju ọwọ́ nù. Ó ní bí ọkùnrin náà bá gbọ́, kò ní sùn. Bí kò bá sì sùn, wọ́n mọ ohun tó wà ní ẹnu ààrò.

Ní Ọjọ́rú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ ní ibùdó ìlera kan. Nọ́ọ̀sì náà sanra, ó láàánú, ó sì ní ọgbọ́n tirẹ̀ fún yíyẹ etí ọmọdé wò. Ó mú kí Fàrídà jókòó kó kọjú sí ògiri, ìyá rẹ̀ ní ọ̀tún, ìyá àgbà ní òsì. Ó yọ́ lọ sẹ́yìn wọn. Ó gbé abọ́ onírin kan tí àwọn síríńjì wà nínú rẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀.

*Gbàràgàdà!*

Obìnrin kan tó ń fún ọmọ lọ́mú nínú yàrá kejì pariwo. Ajá kan gbó níta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kọjú sí ògiri kò mira.

Nínú ilé wọn, bí nǹkan bá já bọ́, òfin kan ṣoṣo ló wà: kí gbogbo èèyàn di igi. Ẹni tó bá pariwo "yéè" á fi ariwo kejì kún àkọ́kọ́. Èèyàn á dúró gbagidi, á mú èémí dání, á máa fetí sí yàrá baba títí yóò fi gbọ́ tí híhanrun tún bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ Fàrídà tó gbé sókè wà lókè. Ẹnu Ìyá Àgbà tó yà wà ní yíyà. Àmínátù mú èémí dání títí ojú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ yọ.

Nọ́ọ̀sì rìn yí wọn ká. Ó wo ọmọ. Ó wo ìyá. Ó wo ìyá àgbà.

"Háà," ló wí. "Ṣé gbogbo yín ni?"

Ìgbà náà ni èémí bọ́ mọ́ Àmínátù lọ́wọ́. Ẹ̀rín ló bá a jáde, ẹ̀rín aláìlóhùn yẹn, ó sì ran Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà di Àmínátù mú, àwọn méjèèjì ń mì bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ òjò. Nọ́ọ̀sì rò pé gìrì ló mú wọn. Ó sáré lọ gbé omi.

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un tán, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó jókòó, ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ó padà sẹ́yìn Fàrídà, ó lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú èémí lásán, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ta ló fẹ́ súìtì?"

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí tí ọwọ́ Fàrídà ti nà sẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ lókè.

"Ìyá Fàrídà," ni nọ́ọ̀sì wí, "etí ọmọ yìí dá ṣáṣá ju tèmi lọ. Kò sí oògùn tí n ó fún un. Inú ilé yín ló ti kọ́ ohun tó ń ṣe. Níta ni kí ẹ ti lọ kọ́ ọ ní òmíràn."

Níta. Ọ̀rọ̀ yìí ni Ìyá Àgbà gbé sùn. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Fàrídà ti ilé ìwé dé, Ìyá Àgbà ró aṣọ mọ́dìí, ó ní kí wọ́n jáde. Ó ti bá Adéagbo sọ̀rọ̀, àgbẹ̀ kan tó gbin ìrẹsì sí àkùrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Ìrẹsì náà ti ń gbó, ẹyẹ ẹ̀gà sì ń jẹ ẹ́ run. Èèyàn tí yóò máa pariwo láti lé wọn ni Adéagbo ń wá kiri.

"Ẹ̀yin mẹ́ta?" ni Adéagbo bi wọ́n, ó ń wò wọ́n tìfura-tìfura. "Gbogbo Ìlódè ló mọ̀ pé ilé yín ò láriwo. Ẹyẹ ni mo ní kí ẹ lé o, n ò ní kí ẹ rẹ̀ wọ́n sùn."

"Ṣáà lọ jókòó, Adéagbo," ni Ìyá Àgbà fèsì.

Ó rìn wọ àárín ìrẹsì. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́. Ó mí kanlẹ̀. Ariwo tó ti wà nínú obìnrin náà láti ọdún márùn-ún sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

"HÒOOOO!"

Ẹyẹ ṣú bo ojú ọ̀run. Adéagbo fúnra rẹ̀ sá kúrò nídìí igi. Ó ya Ìyá Àgbà lẹ́nu pé ohùn náà ṣì wà níbẹ̀, ó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀. "Ìyàwó! Ìyàwó, ìwọ náà pariwo o! Ó dùn bí oyin!"

Ikọ́ ni Àmínátù kọ́kọ́ wú. Lẹ́yìn náà ohùn kan là á lọ́fun, tó tinrin, tó gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó ṣí. Nígbà tó sì ṣí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tì í. Kò lé ẹyẹ mọ́. Ohun gbogbo tí kò lè pariwo fún láti ọdún márùn-ún ló ń jábọ̀ fún pápá ìrẹsì.

"Ọmọrí odó já lù mí lẹ́sẹ̀ lọ́dún 1993, n ò sunkún!"

"Hòooo!" ni Ìyá Àgbà ń gbè é.

"Àkekèé ta mí nínú ilé ìwẹ̀, mo fi kànìnkànìn di ẹnu!"

"Hòooo!"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́yìn ìkòkò omi!"

"Hòooo! Ìyàwó, n kò mọ̀ pé àkekèé ta ọ́!"

Ó dàbí ìgbà tí wọ́n mu ẹmu. Wọ́n ń sáré ká pápá, ìborùn ń ṣí, bàtà ń rì, Adéagbo di igi mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tẹ ìrẹsì òun pa.

Fàrídà dúró ní etí omi. Ẹyẹ mẹ́ta bà níwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ sí wọn, wọ́n sì fò lọ. Kò rí ohun tí ariwo wà fún. Ìyá rẹ̀ sáré tọ̀ ọ́ wá, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Pariwo, ọmọ mi. Ọ̀kan péré. Ṣé o rí i, kò sẹ́ni tó bú wa."

Fàrídà mi orí. Ó fọwọ́ pa àgbọ̀n, ó sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àtẹ́lẹwọ́: baba ń sùn.

"Ilé ni Baba wà. Ibí jìnnà sílé."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àánú. Ó nawọ́ sí oòrùn. Ìgbà náà ló tó yé Àmínátù. Lójú ọmọ náà, kì í ṣe inú yàrá kan ni baba ń sùn sí. Níbikíbi tí oòrùn bá ti ràn dé láyé, baba ń sùn níbẹ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ọ̀la nìkan ló sì kù.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, nígbà tí Abdulwahab gbé búrẹ́dì méjì wọlé, kò sí ẹni tó lè kí i. Ohùn ìyàwó rẹ̀ ti há. Ti ìyá rẹ̀ ti há.

"Kí ló dé? Òtútù mú gbogbo ilé ni?"

Àmínátù fi ọwọ́ sọ fún un pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò bí ó ti ń ṣe é, ọkọ rẹ̀ kò sì gbà á gbọ́. Díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó ń ha bí ilẹ̀kùn tí kò lépo, Ìyá Àgbà sọ gbogbo rẹ̀ fún un: rẹ́jísítà, nọ́ọ̀sì, ìrẹsì.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ ń sùn ni," ni Àmínátù wí.

Ọkùnrin náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun lórí. Òun rò pé ilé òun dákẹ́ nítorí pé àwọn ará ilé òun jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ti ń fi wọ́n yangàn fún àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ìkòkò omi, ó rí ẹ̀rọ tó wà nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé búrẹ́dì padà sínú àpò.

"Ó yá," ló wí. "Gbogbo wa la jọ ń lọ."

Wọ́n kò jẹ́ kí wọn wọ kíláàsì. Àmínátù àti Ìyá Àgbà dúró lójú fèrèsé kan. Abdulwahab ní kí òun jókòó díẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà ní òdìkejì, ó gbé àpò búrẹ́dì sórí itan. Ó ti dúró láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ àná. Kí Àǹtí Àyọ̀kẹ́ tó ṣí rẹ́jísítà, ó ti sùn lọ.

Ìyáàfin Tinúadé wọlé, ó dúró sẹ́yìn kíláàsì. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

"Adéolúwa Àjíṣafẹ́!"

"Mo wà níbí, Àǹtí!"

"Roqeeb Adébíyìí!"

"MO WÀ NÍBÍ, ÀǸTÍ!" Roqeeb pariwo débi pé ẹlòmíràn pariwo láti jù ú lọ, ẹ̀kẹta lu tábìlì, kíláàsì sì gbaná. Níta, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo ilé ìwé, irin lórí irin.

Fàrídà ti na ọrùn sí fèrèsé. Ó rí igi fúrúùtù. Ó rí ẹsẹ̀ méjì tó nà sílẹ̀, ó rí àpò búrẹ́dì, ó rí orí funfun tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Baba. Ó yíjú sí kíláàsì, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀. Wọn kò wò ó. Ó gbé ìka sí ètè. Wọn kò wò ó. Ó fa apá Roqeeb, Roqeeb rẹ́rìn-ín, ó tún lu tábìlì.

Ọmọ náà gun orí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ DÁKẸ́! BÀBÁ MI Ń SÙN!"

Ohùn náà tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ohùn Ìyá Àgbà ni, ohùn tí àwọn ará Ilare máa ń dáhùn. Kíláàsì kan pa lọ́lọ́. Kíláàsì kejì pa lọ́lọ́. Ẹni tó ń lu agogo sọ irin sílẹ̀. Gíláàsì já bọ́ lórí Ìyáàfin Tinúadé. Lábẹ́ igi, Abdulwahab fò sókè, ó di àpò mú, ó ń pariwo pé: "Ẹ yọ ọ́! Ẹ yọ ọ́, búrẹ́dì ń jóná!"

Lójú fèrèsé, obìnrin méjì tí ohùn wọn ti há di ara wọn mú, wọ́n ń mì.

Àǹtí Àyọ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé rẹ́jísítà. "Fàrídà Ògúndèjì?" ló wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Fàrídà wo òde. Ojú baba rẹ̀ là. Ó ti jí. Kò sí ohun tó kù láti dákẹ́ fún.

"MO WÀ NÍBÍ, ÀǸTÍ!"

Ìyáàfin Tinúadé he gíláàsì rẹ̀ nílẹ̀, ó ní kí wọ́n sàmì sí i. Wọ́n gé búrẹ́dì méjèèjì kékeré-kékeré, ó sì kárí ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta. Roqeeb gba ẹ̀ẹ̀mejì.

Láti ọjọ́ náà ni ilé wọn ní Ìlódè ti di ọjà. Abdulwahab kò sùn nílé mọ́ lọ́sàn-án. Ó ń sùn lórí àpò ìyẹ̀fun nínú yàrá ẹrù ní ilé búrẹ́dì, ó sì ń wálé ní ìrọ̀lẹ́ láti bá wọn pariwo. Àmínátù tú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó fi òróró sí ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ sì ń dún láti àárọ̀. Wọ́n ra àkùkọ mìíràn. Ìyá Àgbà ń bá àwọn ará ìta sọ̀rọ̀ láti inú yàrá láìdìde. Fàrídà ń ka ìwé sókè, ó ń kọrin sókè, ó ń fi ẹjọ́ Roqeeb sùn sókè. Nígbà tí wọ́n wá ẹni tí yóò máa gbàdúrà níwájú gbogbo ilé ìwé láàárọ̀, òun ni wọ́n mú. Kò sẹ́ni tó fa etí mọ́ bí àlejò bá ń bọ̀. Wọ́n ń kígbe.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 1998, ọjọ́ Àìkú, ara Ìyá Àgbà Ràbíátù kò yá, ohùn rẹ̀ sì ti lọ láti òru. Ní ọ̀sán, ó ṣí ojú, ó rí Fàrídà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó gbé ọwọ́. Ó fi àtàǹpàkò kan àyà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì la àtẹ́lẹwọ́.

"Màmá, ṣé àyà ń dùn yín ni?" ni Fàrídà bi í. "Àbí omi lẹ fẹ́?"

Ó sáré lọ bu omi. Nígbà tó fi máa dé, ìyá àgbà ti lọ.

Orúkọ ọwọ́ ọmọ náà ni wọ́n pè. Kò mọ̀ ọ́n mọ́.